Èsì: Ọwọ́ tó ń yún lẹ́yìn títọ́jú ẹja inú táǹkì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọwọ́ yín máa ń yún, á sì sú wẹ́wẹ́, bí ẹ bá ti pààrọ̀ omi táǹkì. Ẹ kọ́kọ́ wo oúnjẹ ẹja yín. Bó bá jẹ́ ìdin pupa tí wọ́n ń pè ní bloodworm ni, òun ni mo fura sí jù, ìbáà jẹ́ gbígbẹ tàbí dídì. Kì í bá àwọn kan lára mu, eruku rẹ̀ sì ń mú ojú àti imú yún. Ṣíbí ni kí ẹ fi máa bù ú.

Ìbọ̀wọ́ nitrile, ìyẹn rọ́bà àtọwọ́dá, ni kí ẹ rà. Latex, ìyẹn rọ́bà tó wá láti ara igi, fúnra rẹ̀ ń yún ẹlòmíràn. Kó gùn kọjá ìgúnpá, torí tí omi bá wọnú èyí tó kúrú, á há mọ́ awọ, ìyẹn sì burú ju ọwọ́ lásán lọ. Tí ẹ bá parí, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi òrí pa á. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí ìpara sọ́wọ́ kí ẹ tó wọ táǹkì o, ó lè pa ẹja.

Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́, ẹ má kì í bọ omi yẹn rárá. Kòkòrò àìfojúrí Mycobacterium marinum ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kókó pupa tí kì í tètè jinná lè yọ. Bó bá yọ, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹja.