Ṣé oyin ń gbé inú àpáta ni?

Ìbéèrè: Bàbá kan ló pa òwe yìí fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ fi iṣẹ́ télọ̀ tó ń kọ́ sílẹ̀: "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Kí ni àáké ń wá nínú ọ̀rọ̀ oyin?

Oyin ń gbé inú àpáta o. Ibi tó bá ṣáà ti ṣókùnkùn, tí òjò ò lè dé, ló ń wá: ihò igi, ògiri àlapà, pàlàpálá àpáta. Ihò igi ò le, àáké á là á. Àpáta ni wàhálà. Bí irin bá ti ń ba òkúta, ẹnu rẹ̀ á máa kán wẹ́wẹ́, kò ní mú mọ́. "Wo" inú òwe yìí kì í ṣe ti ojú lásán. Irú èyí tí à ń sọ pé "ojú bàbá rẹ ni mo wò" ni. Ẹni náà ò ṣàánú àáké.

Àwọn kan ń fi òwe yìí ti olè àti ìwọra lẹ́yìn. Èmi ò gbà. Àáké ta ni? Ti ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ni. Òwe ò ní kó lọ ba ti aládùúgbò jẹ́.

Kòkòrò oyin gan-an ò rí i jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ dúró nídìí igi òrí lágbègbè Ṣakí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bá ń tanná. Adùn òdòdó ò sí lójú táyé, ìdí lọ́hùn-ún ló wà. Oyin á ki orí bọ̀ ọ́, á fi ahọ́n fà á, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn nírun, ó di orí òdòdó mìíràn. Nínú ìrìn kan ṣoṣo, ó lè yà lára òdòdó 50 sí 100. Omi ṣùà ló gbé délé. Àwọn oyin tó wà nílé á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ títí á fi ki. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni kòkòrò yìí ń lò láyé tí iṣẹ́ bá pọ̀, bí 12 wọn ló sì máa para pọ̀ kí ṣíbí tíì kan tó kún. Èso òrí táwọn ìyá wa ń ṣà nígbà òjò, lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn wà nídìí rẹ̀, oyin ò sì mọ̀.

Ní ti ọmọ tó ń kọ́ télọ̀, àáké rẹ̀ ni ẹ̀yìn tó ń ro ó nídìí máṣíìnì, àti abẹ́rẹ́ tó ń gún un lọ́wọ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ ni pé òun mọ̀ pé ó ń dùn ún.