Kí ni "ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò" ń wá nínú kẹ́mísírì?

Ọmọ SS2 kan ní Ìkéré-Èkìtì ló béèrè. Tísà ń kọ́ wọn ní steric number (iye ìsọ̀rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù àárín mólíkù ká), ló bá pòwe: "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra." Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, kí ló sì kan mólíkù?

Àbúrò, òwe ìlàjà ni. Bí ìyá méjì bá ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn l'Ọ́jà Ọba ní Adó, tí ọ̀kan ń bínú pé èkejì ń gba oníbàárà òun, àgbà tó bá dá sí i ló máa pa á fún wọn: àyè gba ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má dí ara yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ pa á níwájú àgbà, má gbàgbé "tótó ó ṣe bí òwe o". Wọn á ní wàá rí òmíràn pa.

Tísà yín mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká, méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, chájì nẹ́gátíìfù sì ni gbogbo wọn gbé, ni wọ́n fi ń ti ara wọn sẹ́yìn. Kálukú á wá ibi tó jìnnà jù sí èkejì. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, Sidgwick àti Powell, ti sọ irú rẹ̀ ní 1940. Gillespie àti Nyholm tún un ṣe ní 1957. Òun là ń pè ní VSEPR (Valence Shell Electron Pair Repulsion).

Láti rí steric number, ka átọ́ọ̀mù tó so mọ́ ti àárín, kí o fi lone pair (ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí kò so átọ́ọ̀mù kankan pọ̀) tó wà lórí ti àárín kún un. Double bond, ìyẹn ìsopọ̀ (bond) onílọ̀ọ́po méjì láàárín átọ́ọ̀mù méjì, ẹyọ kan ni kí o kà á. Ibẹ̀ gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú: wọ́n rí CO₂, wọ́n ka bond mẹ́rin, wọ́n kọ 4. Átọ́ọ̀mù méjì péré ló so mọ́ kábọ́ọ̀nù, kò sì ní lone pair: 2 ni. Ó nà gbọọrọ, igun àárín bond rẹ̀ jẹ́ 180°.

Wá wo omi. Ọ́síjìn mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 6 wá, háídírójìn méjèèjì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 8, ìyẹn ìsọ̀rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì-méjì mẹ́rin. Ìsọ̀rí méjì di bond, méjì tó kù jẹ́ lone pair. Steric number rẹ̀ jẹ́ 4, bíi ti CH₄ àti NH₃. Ṣùgbọ́n CH₄ ṣí sílẹ̀ ní 109.5°, NH₃ ní nǹkan bíi 107°, omi ní 104.5°. Kí ló dé? Lone pair kò ní átọ́ọ̀mù kejì tó ń fà á, ó gbòòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àárín, ó sì ń fún àwọn bond mọ́ra.

Níbí ni òwe náà ti kù díẹ̀ káàtó, lójú tèmi. Ẹyẹ inú òwe lè fò lọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè kúrò lọ́dọ̀ átọ́ọ̀mù. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni àyè ń há: steric number 3 fún wọn ní 120°, 6, bíi SF₆, kò fún wọn ju 90° lọ. Ojú ọ̀run wọn kò tó rárá, wọ́n kàn ń pín in ni.

Bí WAEC bá béèrè ìrísí NH₃, átọ́ọ̀mù nìkan ni kí o wò: trigonal pyramidal (pírámíìdì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta). Bó bá jẹ́ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tò ni wọ́n béèrè, kọ tetrahedral (ìrísí tó ní ṣónṣó mẹ́rin, lone pair náà wà lára wọn).