Èsì: Hakosuka GT-R, gidi ni àbí àtúnṣe?

Bọ̀dá, ẹ kú ìdúró o. Skyline Hakosuka kúpé (ọkọ̀ Nissan àtijọ́ onílẹ̀kùn méjì) tẹ́ ẹ ní wọ́n fẹ́ tà fún yín yẹn, tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá GT-R gidi ni, ìyẹn èyí tó lágbára jù nínú wọn, àbí Skyline lásán tí wọ́n tún ṣe, nọ́ńbà ṣaásì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KPGC10, GT-R ni. Tó bá jẹ́ KGC10, GT-R kọ́, kò sí báàjì tí wọn ò lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Kúpé nìkan ni mò ń sọ o, GT-R onílẹ̀kùn mẹ́rin tó kọ́kọ́ jáde ní 1969, PGC10 ni tiẹ̀.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ẹ́ńjìnnì S20 ló yẹ kó wà níbẹ̀, sílíńdà 6, fáàfù 24, àmọ́ ẹ má jẹ́ kíyẹn nìkan tàn yín jẹ torí ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè ra S20 kó gbé e sínú KGC10, mo mọ̀ pé owó ńlá ni, wọ́n ṣì ń ṣe é.