Omi kún táńkì, iná ṣì ń sọ pé omi ti tán

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ yìnyín kékeré kan wà lórí tábìlì ìdáná mi, ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, àfi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Màá bu omi sí i, màá tẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù á dún fúngbà díẹ̀, àfi gbẹ́ẹ̀ tí iná tó ń sọ pé omi ti tán á tàn, gbogbo ẹ̀ á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Omi wà níbẹ̀ o! Ó kún dé ojú ilà, mo fojú ara mi rí i. Nígbà míì tí mo bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á tún padà sídìí àìsàn ẹ̀. Ẹnì kan ní sẹ́ńsọ̀ omi, ohun tó ń mọ̀ bóyá omi wà, ló kú, ẹlòmíì ní bọ́ọ̀dù, pátákó tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni, kí n tètè ra òmíì. Mo sì ń tọ́jú ẹ̀ o, kódà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tó mọ́ gaara, dístíìlì wọ́tà, nìkan ni mo ń bù sí i kó má bàa dọ̀tí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kún un nígbẹ̀yìn yẹn, tí ẹ rò pé ẹ fi ń yin ara yín, mo fura sí i gan-an, màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iná yẹn ń sọ ná, torí ohun tí gbogbo èèyàn rò kọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì yìí, iná yẹn ò wo táńkì rárá. Pọ́ǹpù ló máa ń fa omi láti inú táńkì nísàlẹ̀ lọ sínú àwo kékeré kan lókè, ibi tí àwọn irin ṣóńṣó bí ìka ọwọ́ ti máa ń rì sínú omi tí yìnyín á fi dì mọ́ wọn lára. Inú àwo yẹn ni sẹ́ńsọ̀ wà. Tí pọ́ǹpù bá ti ṣiṣẹ́ tó bí ó ṣe yẹ tí sẹ́ńsọ̀ ò sì rí omi, ẹ̀rọ á gbà pé omi ti tán, á pa ara ẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tó ń sọ fún yín ni pé "mo dúró de omi, mi ò rí i", kì í ṣe pé táńkì gbẹ. (Àwọn kan wà o tí sẹ́ńsọ̀ wọn wà nínú táńkì gan-an, ẹ wo tiyín.)

Torí náà ẹ ṣí ìdérí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá máa wo àwo yẹn. Ṣé omi ń gòkè wá síbẹ̀ àbí kò wá? Gbogbo ẹjọ́ yìí, ibẹ̀ la ti máa dá a.

Tí omi ò bá gòkè, tàbí tó ń sun tín-ín-rín bí itọ́, sẹ́ńsọ̀ ò jẹ̀bi, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ wo ihò tí pọ́ǹpù ti ń fa omi, asẹ́ kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ máa ń bò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Tí asẹ́ bá mọ́ tómi ò ṣì gòkè, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló há sínú pọ́ǹpù, ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí táńkì bá gbẹ tán kí wọ́n tó bu omi míì sí i. Mo máa ń fi sìrínjì tí kò lábẹ́rẹ́ ti omi sínú ihò yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ á fi hó jáde. Gbígbá tí ẹ ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn lè jẹ́ afẹ́fẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ ohun míì tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Tí omi bá ń gòkè dáadáa tó kún àwo, tí iná ṣì ń tàn, ah, sẹ́ńsọ̀ la wá dojú kọ. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni irin tín-ín-rín méjì tó yọrí sínú àwo. Ẹ̀rọ á fi iná mànàmáná bíńtín sí ọ̀kan, tómi bá wà láàárín wọn, omi á gbé iná yẹn dé ìkejì, ẹ̀rọ á mọ̀ pé omi ti dé. Àmọ́ kì í ṣe omi fúnra ẹ̀ ló ń gbé iná o, àwọn èròjà bí iyọ̀ tó yọ́ sínú ẹ̀ ni. Dístíìlì wọ́tà, wọ́n ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kò gbé iná tó ohun tí irin méjèèjì á fi mọ̀. Wọ́n á dúró sínú omi dé ọrùn, wọ́n á máa búra pé omi ò sí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ti ń lò ó, ọ̀sẹ̀ méjì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹ da gbogbo ẹ̀ nù, ẹ bu omi ẹ̀rọ lásán tí ẹ ń mu sí i, ẹ tàn án. Tó bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo ara irin méjèèjì. Èérí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́túlù yẹn, ó máa ń bo àwọn náà, tó bá sì ti bò wọ́n, omi ò lè kàn wọ́n mọ́. Èmi fúnra mi ti jìyà ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀dù ni mo lọ rà, mo dúró dè é títí tó fi dé, mo tú gbogbo sukúrú, mo pa á dà, iná yẹn sì tún tàn sí mi lójú. Ọjọ́ kẹta ni mo tó fojú sí irin yẹn dáadáa, òrùka funfun kan wà lára ẹ̀, kò nípọn ju èékánná lọ. Mo fi igi òwú ìnutí tí mo rì bọ fínígà nù ún, ó tán. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, kò ṣe nǹkan kan.

Fínígà funfun ìdajì, omi ìdajì, ẹ bù ú sínú àwo yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gbo irin náà, ẹ fi omi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ da yìnyín àkọ́kọ́ tó bá yọ nù torí á kan. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Ẹ má sì jẹ́ kí bílíìṣì àti fínígà pàdé, gáàsì olóró ló máa ń jáde níbẹ̀.

Oríṣi kejì ni ohun kékeré tó ń léfòó, òòfà wà nínú ẹ̀, tómi bá gbé e sókè, òòfà yẹn á pa súwíìṣì kan dé lẹ́yìn ike. Èérí lè jẹ́ kó há, ìyẹn náà tún jẹ́ ìdí tí gbígbá fi ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ìka gbé e sókè, tí iná bá kú, sẹ́ńsọ̀ yín yè. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ láti fọ̀, ẹ mọ èyí tó wà lókè, torí tẹ́ ẹ bá dà á délẹ̀ padà, omi tó wà ló máa sọ pé kò sí.

Ó wá ku wáyà. Ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ wo ibi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ti kọ́ bọ́ọ̀dù, tó bá ti ní àwọ̀ ewé, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ tì í padà kó wọlé dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó kan bọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò kàn lè so wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì pọ̀ kó máa rò pé omi wà ni?

Ìdáhùn: Ó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an lẹ̀rù. Lọ́jọ́ tómi bá tán lóòótọ́, kò ní mọ̀, pọ́ǹpù á máa yí lórí ìyàngbẹ títí á fi jóná, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ohun tó ń mú kí irin tutù, náà á máa ṣiṣẹ́ lásán. Tẹ́ ẹ bá so ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti dán an wò, ẹ má lọ kúrò níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tú u kẹ́ ẹ tó sùn.