Òkun Ló Kún, Kì í Ṣe Oògùn Ìwọ̀

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Ẹlẹ́ja, ẹ kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, máńgòrò ni mò ń kó lọ sí Àgbádárìgì lásìkò yìí. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìwọ̀ pẹja ní odò Ọbà, ọwọ́ mi kì í sì í ṣófo. Tí mo bá já ẹrù tán lálẹ́ Jímọ́ọ̀, mo máa ń sọdá sí etí òkun ní Gbẹ̀rẹ̀fù ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé kí n tó kọrí sílé. Sátidé àkọ́kọ́, mo pa ẹja mẹ́fà. Ìkejì, òfo. Bàbá kan níbẹ̀ wá ta oògùn ìwọ̀ fún mi ní ₦15,000. Dúdú ni, inú ìgò ló wà, ó ní kí n máa fi pa ẹnu ìwọ̀. Sátidé kẹta, mo pa mẹ́jọ. Òṣùpá mọ́lẹ̀ rokoṣo lọ́sẹ̀ yẹn. Ìkẹrin, òfo pátápátá. Bàbá ní mo ti ba èèwọ̀ oògùn jẹ́, pé pupa ló kù tí mo máa rà, ₦25,000. Ṣé kí n rà á, àbí ìwọ̀ mi ni kò dáa? Àwọn kan tilẹ̀ ní òṣùpá ni. Ekòló tí mo gbé láti ilé ni mo fi ń ṣe ìdẹ. Mo fi àwòrán ìwọ̀ mi àti ìgò náà ránṣẹ́ sí yín.

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá mi, mo kí yín. Mi ò tíì ka ìbéèrè yín dé ìdajì tí inú ti ń bí mi, kì í ṣe sí yín o. Ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi àwòrán ìgò ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má ra pupa. Ìwọ̀ yín náà ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ bi mí pé ṣé kí ẹ ra pupa, àbí ìwọ̀ yín ni kò dáa. Ohun tí ẹ̀ bá bi mí ni pé: ní aago mẹ́fà tí mo ń débẹ̀, ṣé òkun ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ?

Omi Ọbà tí ẹ gbọ́njú mọ̀, omi tí wọ́n sé ni. Tí òjò bá rọ̀, á gòkè. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ibi tí ẹ bá a náà lẹ máa fi í sí. Aago ló wá ń tọ́ yín sọ́nà níbẹ̀: ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí omi tutù tí àrọ̀ àti èpìyà ń wá oúnjẹ. Ọgbọ́n tó dáa ni, èmi náà ń lò ó. Ẹ wá gbé e sínú ọkọ̀ máńgòrò, ó di etí òkun. Òkun ò mọ aago mẹ́fà.

Òkun ń kún, ó sì ń fà. Ní gbogbo etíkun Èkó, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Láti ìgbà tó bá kún tán sí ìgbà tó tún máa kún, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú bíi 25 ni. Ìṣẹ́jú 25 yẹn lẹ má fojú kéré. Ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ jẹ́ 50, ìyẹn ni pé omi tó bá kún ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa kún lọ́la, ọ̀túnla á sún di aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dé Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ mú bírò. Ọjọ́ méje lọ́nà 50 jẹ́ ìṣẹ́jú 350: wákàtí mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí òkun bá kún tán sí ìgbà tó máa fà tán, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ rí i báyìí? Bí òkun bá kún ní aago mẹ́fà Sátidé yìí, ní aago mẹ́fà Sátidé tó ń bọ̀, ó ti fà tán. Ẹ tún fi ọjọ́ méje lé e, ó di ìṣẹ́jú 700, wákàtí 12 ku ogún ìṣẹ́jú: omi ti tún kún padà.

Sátidé kìíní, ó kún. Ìkejì, ó fà. Ìkẹta, ó kún. Ìkẹrin, ó fà.

Ẹja mẹ́fà, òfo, ẹja mẹ́jọ, òfo.

Ìgò dúdú yín kàn ṣe kòńgẹ́ àárín ìkejì àti ìkẹta ni. Ká ní ata gígún lẹ fi pa ìwọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ata gígún lẹ̀ bá máa jẹ́rìí sí lónìí. Ẹ tún wá wo ọgbọ́n inú èèwọ̀: òfo ọ̀sẹ̀ kẹrin kì í ṣe ẹ̀bi oògùn mọ́, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Bí ẹ bá ra pupa lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe pé mo ń ṣépè, Sátidé karùn-ún á dùn. Ẹ ó sì wá sọ fún mi pé Àǹtí ò mọ nǹkan kan. Bàbá yẹn mọ òkun dáadáa. Ohun tó mọ̀ ló ń rọ sínú ìgò tà fún yín.

Kí ló dé tí ẹja ń tẹ̀ lé omi? Nígbà tí òkun bá ń wọlé, á máa bo yanrìn tó ti gbẹ mọ́lẹ̀. Akàn kéékèèké, edé, àti àwọn kòkòrò tó fara pamọ́ sínú yanrìn á jáde tàbí kí omi hú wọn jáde. Ẹja kékeré á wá jẹ wọ́n, ẹja ńlá á tẹ̀ lé ẹja kékeré wá sí ibi tí okùn ìwọ̀ yín lè dé. Tí omi bá fà, àwọn náà á bá a fà. Ìwọ̀ yín á wà níbẹ̀ nínú omi tí kò tó orúnkún, á máa fọ yanrìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹja ní yunifásítì, wọ́n kó wa lọ sí etí òkun kan l'Ékòó fún ìdánrawò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ paraku ni mí, mi ò tíì rí òkun rí. Mo gbé báàgì mi, korobá, àti sálúbàtà mi kalẹ̀ sórí yanrìn gbígbẹ, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí omi. Ọmọkùnrin apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ́ igi kan, ó rì í mọ́ yanrìn ní ibi tí ìgbì tó gùn jù dé, ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, omi ti kọjá igi náà dáadáa, ìdí igi ń gbọ̀n, korobá mi ti ń jó lójú ìgbì. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni mo gbé wálé. Títí di òní, igi yẹn náà ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn: ẹ ri igi mọ́lẹ̀ ní eteetí omi, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Tí omi bá kọjá rẹ̀, òkun ń bọ̀, ẹ ju ìwọ̀. Tí igi bá wà lórí yanrìn gbígbẹ tí ó ń jìnnà sí omi, ẹ lọ jẹ ẹ̀kọ. Ọ̀fẹ́ ni igi.

Ní ti àwọn tó ní òṣùpá ni, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, ìdajì òótọ́ wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Òṣùpá ló ń fa omi òkun, oòrùn sì ń bá a fà á. Nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, àti nígbà tí kò bá sí lójú ọ̀run rárá, àwọn méjèèjì á fa ọ̀nà kan náà, òkun á kún ju ti tẹ́lẹ̀, á sì fà ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá ku ìlàjì òṣùpá, olúkúlùkù á máa fa tirẹ̀, omi ò ní fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ẹ ní òṣùpá mọ́lẹ̀ rokoṣo lọ́sẹ̀ kẹta? Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìyẹn, kò sí òṣùpá. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin yín, ìlàjì ni. Òfo yín wá di ìlọ́po méjì: omi ti fà, kò tún lágbára. Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà ò ju bíi mítà kan lọ náà, kò pọ̀ lójú àlejò, ṣùgbọ́n ẹja mọ̀ ọ́n.

Kí n má parọ́ o: ìṣirò yìí ò ní bọ́ sí i gẹ́lẹ́ ní gbogbo ìgbà. Atẹ́gùn wà, ìgbì wà, omi tó rú wà. Koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti ń gún sí etíkun wa láti bíi ọdún mélòó kan lẹ́yìn 2010 náà wà. Lọ́jọ́ tó bá dé, okùn ìwọ̀ yín á kàn máa fa ewé ni, bí omi kún bí kò kún. Mi ò sí níbẹ̀ ní Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí èwo ni mo máa fowó lé, ìgò tàbí òkun, ẹ mọ ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù nípa ìgò náà, èyí kì í ṣe àwàdà. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo rí, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀, mi ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn tí àwọn bàbá wa ń fín sí kòkó, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ má sì dà á sómi. Gámálíìnì, oògùn kòkó yẹn tí àwọn kan ń dà sódò láti fi pa ẹja, májèlé ni, kì í ṣe oògùn ẹja. Ó ń wọ inú ọ̀rá ara ẹja, ó ń bọ́ sára ẹni tó jẹ ẹ́. Òun ló wà nínú àwọn májèlé tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fòfin dè ní 2009. Òfin ẹja pípa tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 náà kò gba májèlé nínú odò. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ tó pa oògùn yẹn jẹun rí, tí ara yín kò sì lélẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ní báyìí, ohun tí ẹ máa ṣe. Kí ẹ tó kúrò n'Ílé-Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ wo àkókò tí òkun máa kún l'Ékòó lórí fóònù yín. Àjọ tó ń bójú tó èbúté náà máa ń tẹ ìwé àkókò yẹn jáde lọ́dọọdún. Ẹ kó ara yín débẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú kíkún, ẹ má fi í sílẹ̀ títí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ aago mọ́kànlá ló máa kún, ẹ sùn dáadáa. Ẹ ti wakọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, oorun tọ́ sí yín. Ẹ rántí pé etí òkun nìkan ni àkókò yẹn wà fún. Nínú ọ̀sà Àgbádárìgì tí ẹ ń sọdá, ibi tí òkun ti ń wọlé jìnnà, omi ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbọ́.

Ekòló tí ẹ ń gbé láti ilé, ẹ fi í sílẹ̀ fún àrọ̀ Ọbà. Iyọ̀ òkun máa ń pa á kíákíá, á rọ bí okùn. Edé tútù, akàn, tàbí ẹja tí wọ́n gé lẹ́lẹ́ ni ẹ fi ṣe ìdẹ. Ìwọ̀ yín kéré díẹ̀, mo rí i nínú àwòrán, òjé yín náà fúyẹ́, ìgbì á máa gbé e padà sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kó o sínú ọkọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìpẹtà á jẹ ẹ́ kí ẹ tó dé Ìbàdàn.

Ẹ dúró sórí yanrìn. Mo tún un sọ: ẹ dúró sórí yanrìn. Àwa ará òkè tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ní odò, òkun máa ń tàn wá jẹ. Omi kan wà níbẹ̀ tó ń fà jáde sí àárín òkun, ojú rẹ̀ sábà máa ń dákẹ́ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn ló fi ń mú àlejò. Tó bá mú yín, ẹ má bá a jà, ẹ wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ìgbì máa ń le sí i. Ká ní èmi ni, ìwọ̀ mi ò ní dé ibẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀ kí ẹ tó jù ú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè bi bàbá oògùn náà, òun gan-an mọ̀ ọ́n. Ẹ sáà má fún un lówó.

Ẹ wá ra ìwé kékeré kan. Sátidé mẹ́rin tó ń bọ̀, ẹ kọ àkókò tí òkun kún, àkókò tí ẹ ju ìwọ̀, iye ẹja. Ẹ má pa nǹkan kan mọ́ ẹnu ìwọ̀. Ẹ ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, àní tó bá tako ohun tí mo sọ.