Ṣé òróró peppermint ń lé ẹ̀fọ́rí lọ lóòótọ́?

Ó ń ṣe é, fún ẹ̀fọ́rí tó ń fún orí bí ẹni dì gèlè le jù. Ní Jámánì, wọ́n ń tà á nílé oògùn fún un: òróró náà jẹ́ ìdá 1 nínú 10, ọtí líle ni wọ́n fi pò ó. Nílé, ẹ kán ẹ̀kán òróró peppermint 10 sínú ṣíbí tíì kan òróró àgbọn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú apá. Bí kò bá yún yín, ẹ fi ra iwájú orí àti ẹ̀bátí méjèèjì, kí ẹ tún un ra lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 àti 30.

Ẹ fi omi fọ ọwọ́ yín kó tó kan ojú, ó ń ta bí ata! Ẹ má fi pa ìkókó lójú tàbí nímú rárá. Ó lè sé èémí rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí òjijì tó le, tàbí èyí tó bá ibà àti ọrùn gígan rìn, ilé ìwòsàn ni.