Elégédé ogójì tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ láti Zaria. O ní láti Spring títí dé Fall, owó ń wọlé fún ẹ dáadáa nínú Stardew Valley, géèmù oko dídá tí ọdún rẹ̀ pín sí ìgbà mẹ́rin (Spring, Summer, Fall, Winter), àmọ́ tí Winter bá ti dé, ńṣe lo máa ń káwọ́ gbera títí ìgbà náà á fi parí. O wá ń bèèrè irúgbìn tó ń so yípo ọdún. O tún ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ nìyí, Fall 17 (ọjọ́ kẹtàdínlógún Fall) lo wà báyìí, góòlù 9,000 ló sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Kò sí o. Ní ìta gbangba, kò sí irúgbìn kan tó ń mówó gidi wọlé nínú ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Ancient Fruit, ìgbà mẹ́ta lòun náà sì ń lò, Winter ń pa á bó ṣe ń pa àwọn yòókù. Àwọn tó o rí tí wọ́n ń pawó nínú Winter, kì í ṣe pé wọ́n mọ kóró kan tí ìwọ ò mọ̀. Láti Summer ni wọ́n ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Ọdún àkọ́kọ́ tèmi, Fall 15, mo gbin elégédé 40. Góòlù 100 ni kóró kan, góòlù 320 ni wọ́n ń ra elégédé kan. Mo ti ṣírò ẹ̀ tán sẹ́yìn ìwé kan: 4,000 lọ, 12,800 bọ̀. Ọjọ́ 13 ni elégédé fi ń gbó, ọjọ́ 28 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan ní. Fi 13 kún 15, 28 ló máa fún ẹ. Ó bọ́ sí i gééré. Ohun tí mi ò fi sí ìṣirò ni pé ọjọ́ tí omi bá kàn án nìkan ni géèmù ń kà fún un. Mi ò tíì ní sprinkler (ẹ̀rọ tó ń bomi rin oko fúnra rẹ̀) kankan nígbà yẹn, agolo ìbomirin ni mo ń gbé kiri lórí ebè. Nígbà tó di Wednesday 17, mo sáré lọ sí ihò kùsà láàárọ̀ kùtù, mo ní tí mo bá dé ni n óò bomi rin wọ́n. Bàbà wọ̀ mí lójú níbẹ̀, mò ń wa ilẹ̀ lọ. Aago méjì òru bá mi lójú ọ̀nà, mo ṣubú síbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o.

Lálẹ́ ọjọ́ 28, mo dúró láàárín oko náà. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹyọ kan ò pọ́n. Mo ní ó di ọ̀la. Inú yàrá mi ní Kubwa ni mo wà, iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ooru ń mú mi bí nǹkan míì. Mo kàn fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ nínú géèmù, kí n fojú kan àwọn elégédé pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, kí èmi náà tó lọ sùn. Mo wọ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ mọ́: Winter 1. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Mo rìn lọ síbi tí mo gbìn wọ́n sí. Kò sí ewé, kò sí ìtàkùn, àfi bí ẹni pé mi ò gbin nǹkan kan síbẹ̀ rí. Géèmù yìí sì rèé, ìgbà tó o bá sùn ló ń séèfù. Mo ti sùn.

Owó yẹn kọ́ ló wá dùn mí jù. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka ohun tí wọ́n ń bèèrè ní Community Center, gbọ̀ngàn ìlú inú géèmù náà. Nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní Pantry, ìdì mẹ́fà (àkójọ ohun tí wọ́n ní kó o kó wá) ló wà níbẹ̀, tó o bá sì kó gbogbo rẹ̀ pé, wọ́n á bá ẹ tún Greenhouse ṣe, ìyẹn ilé onígíláàsì tó ti wó sínú oko rẹ láti ọjọ́ kìíní. Ìdì ti Fall ń fẹ́ àgbàdo kan, Eggplant kan, iṣu kan àti elégédé kan. Ẹyọ kan péré! Mo gbin 40, mi ò rí ẹyọ kan mú lọ. Gbogbo Winter yẹn ni mo fi ń ṣọ́ obìnrin tó máa ń gbé ọjà wá sínú igbó ní Friday àti Sunday, bóyá elégédé á wà nínú ẹrù rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe dúró di Fall ọdún kejì nìyẹn.

Nítorí náà, kí o tó ro ti èrè rárá, ohunkóhun tó o bá kórè, ju ẹyọ kan sínú àpótí kó o tó ta ìyókù. Parsnip márùn-ún tó ní ìràwọ̀ góòlù, tọ́jú ẹ̀. Àgbàdo márùn-ún, elégédé márùn-ún, bákan náà, torí ìdì kan wà tó ń fẹ́ irú mẹ́ta nínú mẹ́rin bẹ́ẹ̀ (Melon ni ìkẹrin). Ti ẹran-ọ̀sìn ló máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo wọn, torí kò ṣeé parí láìsí ewúrẹ́, àgùntàn tàbí ehoro, ilé wọn sì gba owó. Àwọn kan ò ní sùúrù fún gbogbo wàhálà yìí, wọ́n á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Joja, ilé ìtajà ńlá kan, wọ́n á san 35,000 fún Greenhouse, ó parí. Mi ò bá wọn jà. Èmi ò kàn lè ṣe é ni, ojú Pierre tó ni ṣọ́ọ̀bù kóró máa ń ká mi lára.

Ní ti ohun tó yẹ kó o gbìn, èyí tó o bá ká tó tún so ni kó o máa wá. Blueberry rèé, 80 ni kóró rẹ̀. Gbìn ín ní Summer 1, wàá ká a lọ́jọ́ 14, 18, 22 àti 26, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Méjìlá nìyẹn, 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, 600. Melon ń pe èèyàn lójú torí 250 ni wọ́n ń ra ẹyọ kan, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lo máa rí i kó nínú Summer, o sì máa ra kóró lẹ́ẹ̀mejì. Cranberry ti Fall, 240 ni kóró, iye yẹn máa ń lé àwọn ọmọ tuntun sá. Kó má lé ẹ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo máa ká a tó o bá gbìn ín lọ́jọ́ kìíní, méjì méjì, 75 lọ́kọ̀ọ̀kan, 750 lápapọ̀. Elégédé tí wọ́n gbìn lẹ́ẹ̀mejì ò jìnnà sí i, àmọ́ ojú èmi àti elégédé ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gún.

Strawberry ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lò. Ibi ọdún ẹyin ní Spring 13 ni wọ́n ti ń tà á, 100. Gbogbo èèyàn á gbé e délé, wọ́n á gbìn ín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ká a lẹ́ẹ̀mejì, Summer á dé. Èmi máa ń rà á pamọ́ sínú àpótí di Spring ọdún tó ń bọ̀. Gbìn ín lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo máa ká a.

Wàyí o, àṣírí Winter ọdún àkọ́kọ́ rèé: má ta gbogbo ẹ̀ tán nínú Fall. Èso inú géèmù yìí kì í bàjẹ́. Tòmátò tó ń ti Kano bọ̀ lórí ọkọ̀ lè ti máa rà nínú apẹ̀rẹ̀ kó tó dé Abuja, àmọ́ Blueberry tó o jù sínú àpótí ní Summer, bó ṣe wà náà nìyẹn nígbà tí yìnyín bá bolẹ̀. Tó o bá ti dé ipele 4 nínú iṣẹ́ oko, o ti lè kan Preserves Jar, ìkòkò tó ń tọ́jú èso àti ẹ̀fọ́ kí owó wọn lè pọ̀ sí i: igi 50, òkúta 40, èédú 8. Ohun tó o bá fi sínú ẹ̀, owó rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, wọ́n á tún fi 50 lé e, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àgbá ọtí, ìyẹn Keg, ipele 8 ló tó wá, ìlọ́po mẹ́ta ló ń sọ owó èso dà, àmọ́ ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan. Fún Blueberry, 150 ni méjèèjì máa fún ẹ, kí ló dé tí wàá fi dúró ti àgbá? Èso tó wọ́n ni kó o pa àgbá mọ́ fún.

Èyí tó wọ́n náà ni Ancient Fruit, ibi tí Greenhouse ti wúlò sì nìyẹn. Ìwọ tó ò ń gbé Zaria kúkú mọ fàdámà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí gbogbo ilẹ̀ pupa, ẹ̀fọ́ ṣì máa ń tutù létí odò. Greenhouse ni fàdámà tiwa. Àyè 120 ló wà nínú ẹ̀, ìgbà ò kàn án, kannakánná ò lè wọ ibẹ̀, o ò nílò ère aṣọ́ko. Omi nìkan ló ń fẹ́, sprinkler oní-iridium á sì bá ẹ rin àyè 24 lẹ́ẹ̀kan.

Kóró Ancient Fruit kì í ṣe ohun tí Pierre ń tà. O máa wa ilẹ̀ títí wàá fi rí kóró àtijọ́ kan, wàá gbé e fún Gunther ní mùsíọ́mù, òun á fún ẹ ní èyí tó ṣeé gbìn. Ẹyọ kan. Ọjọ́ 28 ló fi ń gbó, lẹ́yìn náà ọjọ́ méje méje ló ń so. Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé mo ta èso mẹ́ta àkọ́kọ́, 550 lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi ń dùn. Mi ò gbọ́dọ̀ tà wọ́n. Seed Maker, ẹ̀rọ tó ń sọ èso di kóró, ni kó o kó gbogbo ẹ̀ sí, á máa fún ẹ ní kóró ẹyọ kan sí mẹ́ta lórí èso kan, títí Greenhouse á fi kún. Ẹ̀yìn ìyẹn lo wá lè máa pọn ọtí: 1,650 ni ìgò kan, tó o bá sì yan Artisan (ìmọ̀ iṣẹ́ tó ń fi kún owó irú ọjà bẹ́ẹ̀) ní ipele 10, 2,310. Èso ń so lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ọtí ń pọ́n ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan náà lo máa bu ọtí tí wàá sì da èso tuntun sí i. Oje igi Oak ló máa dá ẹ dúró níbẹ̀, torí àgbá kan, oje kan, ọ̀sẹ̀ kan sì ni igi kan fi ń fún ẹ ní ẹyọ kan. Bẹ̀rẹ̀ sí í kan Tapper, ohun tó ń gba oje igi, mọ́ àwọn igi Oak láti ìsinsìnyí, bó o bá tiẹ̀ rò pé ó ṣì jìnnà.

Ginger Island, erékùṣù kan nínú géèmù, náà wà, èèyàn lè gbin ohunkóhun síbẹ̀ nígbàkigbà, àmọ́ o ṣì máa pẹ́ kó o tó débẹ̀. Powdermelon tí wọ́n fi kún géèmù ní 2024 ń hù nínú Winter lóòótọ́, 60 ni wọ́n ń rà á, kò lè bọ́ ilé.

Ọjọ́ kan ni bàbá onílé mi wọlé bá mi nídìí géèmù yìí. Ọmọ Gbagyi ni, iṣu ló fi tọ́ gbogbo ọmọ ẹ̀. Mo fi oko iṣu mi hàn án, mo ní ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń ta. "Kwana goma?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tí mo wá sọ fún un pé kóró inú ọ̀rá ni wọ́n fi ń gbìn ín, pé kò sí ebù, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju ti ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Ó yá, Fall 17 tìrẹ. Wednesday ni, Pierre ò ṣí. Mi ò ní rán ẹ lọ sí JojaMart, kóró wọn wọ́n. Má ra elégédé, má ra Cranberry, ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Lọ́la, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, lọ ra kóró Amaranth 60. Tẹ̀tẹ̀ tí màmá ẹ ń rà lọ́jà náà ni. 70 lọ́kọ̀ọ̀kan, 4,200. Ọjọ́ méje ló ń lò, á tó kó lọ́jọ́ 25, ọjọ́ mẹ́ta á ṣẹ́ kù fún ẹ tó o bá gbàgbé omi. 150 ni wọ́n ń rà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ má tà á. Preserves Jar mẹ́wàá ni kó o kó o sí láti Fall 25, 350 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dà. 60 yẹn á gbé ẹ dé nǹkan bí àárín Winter, 21,000 lápapọ̀. Ra kóró iṣu márùn-ún pẹ̀lú Speed-Gro (ajílẹ̀ tó ń mú irúgbìn yára dàgbà) márùn-ún, da Speed-Gro sílẹ̀ kó o tó gbìn ín, ìyẹn á sọ ọjọ́ mẹ́wàá di mẹ́sàn-án. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ gan-an ni kó o gbìn ín sí, níbi tí o ò ti ní ráyè gbàgbé ẹ̀. Fún ìdì Fall ni.

Lónìí tí ṣọ́ọ̀bù tì yìí, igi 500, òkúta 400, èédú 80 lò ń wá. Mú àáké. Àmọ́ bomi rin ohun tó wà nílẹ̀ kó o tó jáde.